Afárá Mẹ́wàá ní Ìbéṣé

Èbúté Alágbọn,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Muslimah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àláékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ẹ̀sítéètì yẹn, títí kan ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tó ní kí n pe kóòdù nígbà tí mo wá lọ́dún tó kọjá, tí mo sì pe Kóòdù, Kóòdù, lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn rara, tí ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Bóyá Kóòdù ti kó lọ láti ìgbà yẹn. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a pè ọ́ kí a má bá ọ. Ara ìyá rẹ le, ara èmi náà le, àfi ẹ̀yìn mi tó ń ro mí díẹ̀, mo máa tó sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, wọ̀bìà sì ni fóònù yìí. Bí mo bá sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, á ti jẹ káàdì tán, obìnrin kan á sì yọjú, á máa fi òyìnbó bá mi wí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí èèyàn kò lè sọ bí ẹni kẹta bá wà lórí ìlà, o máa rí i níwájú. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Gáréèjì Ìkòròdú ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ẹni tó gbé páálí rẹ wá fún wa.

Kí n tó débẹ̀, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé gbogbo ohun tí o ń kọ sí orí sítétọ́ọ̀sì fóònù rẹ nípa iṣẹ́ oyin sísìn rẹ ni à ń kà. Ìyá rẹ ló ṣàlàyé fún mi pé ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ tó fi ń kú. Ó dùn mí wọra. Ohun tí ọmọ yunifásítì jókòó fi orí rò, kó kàn kú báyẹn láìsí ẹni tó sin ín. Ni mo bá ra ìwé eléwé-ogójì, mo ní kí ìyá rẹ máa dà á kọ sínú rẹ̀ ní àràárọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni ìwé náà wà.

Ojú ìwé kìíní ni ti akùkọ. O ní bí a bá pa oyin pọ̀ mọ́ akùkọ, kí ni a ó rí? O ní a ó rí èyí tó ń kọ ní Àsùbáà, tó sì ń ta ẹni tí kò bá dìde. Mo kà á fún Lèmọ́mù wa. Ó ní Ọlọ́run tóbi, ó ní ṣé ọmọ tí òun sọ lórúkọ nìyí. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ kí o fi méjì ránṣẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ti sọ oorun di ìrun kẹfà. Ojú ìwé kejì ni ti màlúù, èyí tí o ní wàrà rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú oyin nínú. Mo sọ fún Títílọpẹ́ tó ń ta tíì ní èbúté, kò lè sùn mọ́, ó ní ṣúgà ló ń jẹ èrè òun tán. Ti ìgbín, tí o ní ó máa di oyin tó ń bọ̀ wá ta ọ́ lọ́la, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀la ni wọn yóò ta òun, á ti rí ibi gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹja àrọ̀, tí o ní ó máa ta ẹni tó bá mú un, ọmọ mi, má ṣe da ara rẹ láàmú. Ọlọ́run ti ṣe ìyẹn ṣáájú rẹ. Bí o bá wálé, wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi.

Èyí tí o ti ní bí a bá bó oyin, Òyìnbó ni a ó rí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti kékeré ni mo ti ń wádìí ibi tí wọ́n ti wá. Abájọ tí ara wọn fi ń pọ́n bí oòrùn bá ti kàn wọ́n, wọ́n ti bó èèpo kúrò. Ojú ìwé karùn-ún nìkan ni a kò mọ̀ ọ́n kà. O kọ ọ́ pé bí a bá pa agbon pọ̀ mọ́ agbon, o kò sì fi àmì kankan sórí rẹ̀. Èmi ní kòkòrò tó ń ta ni àti èso tí wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ ni. Ìyá rẹ ní rárá, àgbọ̀n ẹnu ni àti agbọ̀n tí wọ́n ń kó ẹja sí. Títí di òní ló ń wo irùngbọ̀n mi, tó tún ń wo agbọ̀n, tó ń mi orí.

Ojú ìwé keje ló wá dá gbogbo ọ̀ràn sílẹ̀. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Bí a bá pa oyin pọ̀ mọ́ agbaṣẹ́ṣe, kí ni a ó rí? Afárá tó parí lásìkò. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ń rò ó pé agbaṣẹ́ṣe wo ló gbà kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni o fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ pé afárá mẹ́wàá ti parí ní Ìbéṣé, pé ọ̀kan ń bọ̀ wá sílé fún wa.

Muslimah, mo jókòó sílẹ̀.

O mọ ohun tí afárá jẹ́ fún wa ní ìlú yìí. Igi tó so wá pọ̀ mọ́ òdìkejì odò, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wà, ti wó nínú òjò ọdún yìí. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ ẹja mi gbé àwọn ọmọ lọ láàárọ̀, tí mo ń gbé wọn bọ̀ lọ́sàn-án, ohun tó ń ro mí lẹ́yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, omi le, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn ọmọ yòókù di ọkọ̀ mú, ṣùgbọ́n Waliyah, ọmọ ọdún méje tí Síkírù káfíńtà bí, lọ sísàlẹ̀. Mo bẹ́ lé e, mo rí kọ́là aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò wọ ọkọ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n nà án, wọ́n ra bisikíìtì fún un, kò wọ̀ ọ́. Á múra láàárọ̀, á gbé báàgì kọ́ èjìká, á wá dúró sí etí omi títí tí a ó fi lọ, á sì padà sílé. Mi ò lè máa wo ojú rẹ̀.

A ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti bẹ̀ wọ́n fún afárá, fọ́ọ̀mù ni wọ́n fún wa. Èmi ni ìlú ní kí n kọ ọ́, nítorí ìròyìn rẹ ti dé etí gbogbo wọn. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe, mo kọ tìrẹ. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ mélòó ló ní, mo kọ ọ̀kẹ́ méjì, nítorí o ti sọ fún wa nígbà kan pé iye oyin tó ń wà nínú ilé kan nìyẹn. Wọ́n ní ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, mo kọ ọ́ pé obìnrin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn ọkùnrin inú wọn kàn ń jẹun ni. Ìyá rẹ ní kí n pa ìyẹn rẹ́, pé ìjọba ti mọ̀. Wọ́n ní èló ni owó oṣù wọn, mo kọ òfo. Akọ̀wé náà wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé níbo ni ọ̀kẹ́ méjì èèyàn yìí ń sùn. Mo ní inú àpótí. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé wọn yóò pè mí. Wọn kò tíì pè, ṣùgbọ́n n kì í pa fóònù.

Owó tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù tó kọjá náà dé, ṣùgbọ́n a pẹ́ kí a tó rí i gbà. Ọmọge inú báǹkì ní nẹ́tíwọ̀kì ti já. Mo bi ìyá rẹ léèrè, ó ní nẹ́ẹ̀tì ni àwọ̀n lédè Òyìnbó. Ṣebí bí àwọ̀n bá já, èmi ni wọ́n máa ń wá kiri. Mo padà sílé, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú, mo ní kó fi ojú ibi tó ya hàn mí kí n bá a hun ún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní bàbá, òkè ló wà. Mo ní nígbà náà, wọ́n nílò àkàsọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó fún mi ní omi tútù.

Mo ti yà bàrá. Nígbà tí iṣẹ́ tí o rán nípa afárá mẹ́wàá dé, mo gbé e lọ sí ìpàdé ìlú. Adéòjó tó jẹ́ alága wa dìde, o mọ ẹnu rẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí kí obìnrin ó kọ́ afárá, pé kí n kọ́kọ́ fi ọ̀kan han òun. Mo ní ìwọ ọmọ mi ti kọ́ mẹ́wàá ní oṣù kan. Mo ní ọ̀kan ti wà lójú ọ̀nà. Mo fi ọ́ yangàn, ọmọ mi, mo fi ọ́ yangàn débi pé mo ń fi ọwọ́ gbá àyà. Èmi tó jẹ́ pé nígbà tí o fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ tí o ní oyin ni o fẹ́ máa sìn, mo sọ fún ọ pé ẹni tí mo ta ẹja rán lọ sí yunifásítì ti di darandaran kòkòrò. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti kúrò lórí kòkòrò, ó ti bọ́ sórí afárá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, dẹ́rẹ́bà pè mí pé kí n wá gba afárá mi. Gbogbo ìlú ló tẹ̀lé mi. Ọkùnrin méjìlá mú okùn dání tí a ó fi gbé e. Lèmọ́mù wà níbẹ̀, Títílọpẹ́ kò ta tíì. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa páálí kan jáde tí kò ju páálí bàtà lọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé ìyókù ń kọ́. Ó ní ìyókù kí ni.

Mo ṣí i níbẹ̀. Fírémù igi kékeré ni, afárá oyin wà nínú rẹ̀, oyin kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, o sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti Bàbá mi ni. Adéòjó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ara mọ́tò mú. Ó ní ó dára, kí èmi Múdàṣírù máa rìn lọ lórí rẹ̀ kí a rí i. Ojú tì mí, Muslimah. Mo dàgbà tó báyìí, n kò tíì mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ ju páálí náà sínú omi.

Síkírù káfíńtà ni kò rẹ́rìn-ín. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń kan ọkọ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó gba fírémù náà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó fi ọwọ́ wọn ihò kan nínú rẹ̀, ó ka igun rẹ̀, ó tún ka ti ìkejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́fà mẹ́fà, kò sí èyí tó yingin, ọ̀kan fi ẹ̀yìn ti èkejì. Ó gbé e sọ́wọ́ láti mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì fi èékánná ha ara rẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, "Ohun tó tinrin bí awẹ́ àlùbọ́sà ni wọ́n fi gbé ẹrù tó wúwo tó báyìí. Àwa fi ìtì igi gbé ọmọ kékeré, ó wó. Igi kọ́ ni kò tó, a ò mọ̀ ọ́n tò ni."

Ó wo ọmọ rẹ̀ Waliyah, tí báàgì ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ó wo omi. Ó ní ta ni ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, kó fún òun ní pákó ara rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́fà nà sókè. A ti pé jọ tẹ́lẹ̀, okùn sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin méjìlá, ta ni yóò padà sílé lófo? Adéòjó fẹ́ máa lọ, ìyá rẹ gé afárá díẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ìda rẹ̀ mọ́ ọn, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà sí wa. Nígbà tí yóò fi padà dé, òpó igi mẹ́rin tó ti ń tọ́jú láti ọdún mélòó kan fún ilé rẹ̀ tuntun ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé bọ̀. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Múdàṣírù, má sọ fún Muslimah pé mo rẹ́rìn-ín."

Mo ti sọ fún ọ báyìí, ṣùgbọ́n ìwọ náà má sọ fún un pé mo sọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi kọ́ afárá orí omi náà. Síkírù so ìyókù afárá rẹ kọ́ ara igi níwájú rẹ̀, òun ló ń wò kó tó gé nǹkan. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gé, tó ń so wọ́n ní igun mẹ́fà mẹ́fà lábẹ́ ibi tí a ó máa rìn, tí ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn ti èkejì. Àwọn èèrà fẹ́ bá wa jẹ àpẹẹrẹ náà tán, ìyá rẹ ló gbé ẹsẹ̀ igi náà sínú abọ́ omi kí wọ́n má lè gùn ún. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ní kí Waliyah kọ́kọ́ gun orí rẹ̀. Gbogbo wa dúró. Èmi ti wọ inú omi dé ìbàdí sílẹ̀ de ohunkóhun. Ó di okùn mú, kò wo ìsàlẹ̀, ó lọ. Ó dé òdìkejì. Ó yí padà, ó tún gba orí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó tún padà lọ, ó tún padà wá, ó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Síkírù sunkún, ó ní eruku pákó ni.

Ìyá rẹ ní kí n yé sọ fún gbogbo ayé pé ìwọ lo kọ́ ọ. Ó ní afárá oyin yàtọ̀ sí afárá omi. Mo ní bí wọ́n bá yàtọ̀, kí ló dé tí àwọn bàbá wa fi fún wọn ní orúkọ kan ṣoṣo? Ní ìlú yìí, agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí, Adéòjó fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, bí o bá ń bọ̀, tàbí bí o bá rí ẹni fi rán, bá mi wá owó ìṣó díẹ̀, kí Síkírù lè fi ibi ìdimú sí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì, iye tí agbára rẹ bá ká. Wá owó ìwé eléwé-ogójì mìíràn, nítorí èyí ti fẹ́ kún. Ìyá rẹ ní kí n fi owó aṣọ Iléyá kún un, òun ló dúró lé mi lórí tí mo fi ń kọ gbólóhùn yìí. Má gbàgbé akùkọ Lèmọ́mù, méjì ni, má sì kó wọn sínú páálí kan náà. Ní ti màlúù Títílọpẹ́, bó bá ṣòroó gbé wọ mọ́tò, ọmọ rẹ̀ náà tó.

Ìyá rẹ ti wọlé báyìí, mo lè wá sọ èyí tó kù. Nígbà tí mo rò pé afárá omi ni o ń kọ́, mo gbá àyà nítorí rẹ níwájú ìlú. Nígbà tí mo ṣí páálí tí mo rí i pé oyin ni, mo sẹ́ ọ lọ́kàn mi. Mo ní ì bá ṣe pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Kò pẹ́, kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ, ìwọ náà ì bá má mọ̀ ọ́n láé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Oyin náà ni iṣẹ́ rẹ, iṣẹ́ ńlá sì ni. Bàbá rẹ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.

Ọlọ́run yóò bá mi ṣọ́ ọ. Dídùn là ń bá nílé olóyin, dídùn ni wọn yóò máa bá nílé rẹ. Ohun tó bá ta ọ́ kò ní wọ ọ́ lára. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní wó. Ọkọ tí yóò mọ iyì rẹ, tí kì í ṣe irú ọkùnrin inú oyin, Ọlọ́run yóò fi pàdé rẹ. Àmín.

Gbogbo ìlú ló ti kọjá lórí afárá yìí, ìyá rẹ ti lọ ọjà, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ. Ó ku èmi nìkan. Ọkọ̀ mi ni mo ṣì fi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mo ní n kò ní tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé o wà níbẹ̀. Wálé, ọmọ mi, kí o máa lọ níwájú, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múdàṣírù.